Èsì lórí "àfisínú" àti "owó ìdára": ẹ má jẹ́ ká tíì fọwọ́ sí i

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé ìlàlóye fún àwọn tó ń ta mílíìkì màlúù ní agbègbè Ọ̀yọ́ gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rin síwájú wa: "wàrà" fún ohun tí wọ́n ń fún lára màlúù, "àfisínú" fún input (gbogbo ohun tí ọlọ́sìn ń náwó lé kó tó rí mílíìkì), "owó ìdára" fún ètò tuntun tí ilé-iṣẹ́ tó ń ra mílíìkì náà fẹ́ máa fi sanwó, àti "owó oṣooṣù" fún owó tí wọn kì í san lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìsẹ́yìn ti ní kí a gbà á bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀gbọ́n, èmi ò tíì lè gbà, mo sì ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí sọ ìdí rẹ̀.

"Àfisínú" ò lè rìn rárá. Ohun téèyàn bá fi sínú, ọ̀rọ̀ tó gbé pamọ́ sọ́kàn ni, bóyá ìbínú. Bí ẹ bá sọ fún ìyá kan ní Ọjà Wáàsò pé àfisínú ti wọ́n, á béèrè ẹni tó ṣẹ̀ yín ni. "Ìnáwó" lásán náà ò tó, torí ìsìnkú, ìgbéyàwó àti ìkómọ ni ìnáwó lẹ́nu wa. Ẹnì kan dábàá "owó ìsìn". Ìyẹn ti di owó ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹran ọ̀sìn la ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà "ìnáwó ọ̀sìn" ni mo mú wá. Ó gba oúnjẹ, ó gba abẹ́rẹ́ àti oògùn eégbọn, ó gba omi, ó gba owó ọkọ̀.

Ìnáwó ọ̀sìn yìí gan-an ló sì ń ni àwọn èèyàn lára. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí àwọn tó ń ṣe gààrí máa ń dà nù tẹ́lẹ̀, rírà ni wọ́n ń rà á báyìí. Èérí àgbàdo àti kùlíkùlí ò ṣeé sún mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà yẹn náà sì ni koríko tán, tí mílíìkì gbẹ lọ́mú màlúù. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ọlọ́kadà tó ń gbé kéègì mílíìkì láti gáà (àgọ́ àwọn Fúlàní) dé ibùdó ìkójọ ò gba iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ tó máa gbé gbogbo èyí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí yóò yé wọn.

Lórí "wàrà", mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ tó ń ṣàn fún wàrà àti oyin wà nínú Bíbélì. Ṣùgbọ́n lọ́jà wa, wàrà ni èyí tí wọ́n ti fi omi ewé bòmubòmu mú dì, tó wà nínú igbá pẹ̀lú omi rẹ̀, tí a ń rà lọ dín. Kí ìwé náà máa pe tútù rẹ̀ ní "mílíìkì màlúù". Bí àwọn tó ń fún un ṣe ń pè é fún wa náà nìyẹn.

"Owó ìdára" ló ká mi lára jù. Nǹkan méjì ni wọ́n dì pọ̀ síbẹ̀, wọn kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Èkíní ni ìmọ́tótó àti àìlábùlà. Ní ibùdó ìkójọ, ẹni tó ń yẹ mílíìkì wò máa bu díẹ̀ sínú ife kékeré, á da ọtí líle tó ṣe déédéé rẹ̀ lé e, á mì í. Bó bá ṣù, a jẹ́ pé ó ti ń kan, wọ́n á dá a padà. Á tún ti ọ̀pá onígíláàsì kan tó máa ń léfòó bọ inú rẹ̀. Ojúlówó mílíìkì sábà máa ń wà láàárín 28 sí 32 lára ọ̀pá náà. Bí wọ́n bá ti bomi là á, ọ̀pá á rì kọjá bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ohun tó wà nínú mílíìkì fúnra rẹ̀, ọ̀rá àti purotéènì. Ìyẹn ò kan pé ọwọ́ ẹnì kan dọ̀tí. Irú màlúù àti oúnjẹ rẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀.

Ẹ wo ibi tó ti kan wa. Màlúù funfun àwọn Fúlàní, tí wọ́n ń pè ní Bunaji, kì í fún ní ju lítà kan tàbí méjì lọ lójúmọ́ lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá mu tán. Màlúù òyìnbó tí wọ́n ń pè ní Friesian lè fún ní ju lítà 20 lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rá inú mílíìkì Bunaji sábà máa ń ju ti Friesian. Bí ó bá jẹ́ lítà ni wọ́n fi ń sanwó, ọ̀rá yẹn lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá jẹ́ ohun inú rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún, obìnrin tó ni mílíìkì (ọkọ ló ni màlúù, ìyàwó ló ni mílíìkì nínú ọ̀pọ̀ gáà) yóò rí nǹkan kan gbà lórí rẹ̀. Tí a bá wá pe méjèèjì ní ìdára, tí wọ́n sọ fún un pé ìdára tirẹ̀ ò tó, ohun tó máa gbọ́ ni pé wọ́n ń fẹ̀sùn bíbomilà kàn án. Ìjà á ṣẹlẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ìjà wà.

Ọ̀rọ̀ tí mo fara mọ́ ni "owó èròjà" fún ọ̀rá àti purotéènì. Gbogbo ẹni tó ń se ọbẹ̀ mọ èròjà. Fún ti ìmọ́tótó, ẹ jẹ́ ká lo ohun tó ti wà lẹ́nu wa: mílíìkì yìí "kúnjú òsùnwọ̀n" tàbí kò kún un. Owó lítà, owó èròjà, ojú òsùnwọ̀n, kí mẹ́ta yẹn dá dúró nínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ owó èròjà yìí kì í ṣe ti ìlú wa nìkan. Ní New Zealand, kílò èròjà ni wọ́n fi ń sanwó fún àgbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ agbègbè Amẹ́ríkà, láti ọdún 2000, ọ̀rá àti purotéènì wà lára ohun tí ìlànà ìjọba fi ń ṣírò owó àgbẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìlànà náà tún fi kún iye tí wọ́n ń yọ sílẹ̀ fún ìnáwó ilé-iṣẹ́ tó ń fi mílíìkì ṣe bọ́tà àti wàràkàṣì, kí wọ́n tó ka ti àgbẹ̀. Àwọn ọmọ wa lókè òkun ti béèrè ohun tí a lè pe ìyẹn. Mo ní "làádà ilé-iṣẹ́". Ẹni tó bá ti ta màlúù ní kárà (ọjà màlúù) mọ ohun tí làádà ń ṣe sí owó.

Ó ku "owó oṣooṣù". Ẹni tó gbé mílíìkì sílẹ̀ lónìí tí owó rẹ̀ máa wọ báǹkì lọ́jọ́ mìíràn, àwìn ló tà. Oníkùlíkùlí ò ta àwìn fún un. Kí ìwé náà pè é ní àwìn, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí owó máa wọlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí obìnrin náà lè wò ó bóyá ó sàn fún un ju kó fi mílíìkì rẹ̀ ṣe wàrà, kó sì gba owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ibi kan ṣì wà tí ọwọ́ mi ò tíì tó. Mílíìkì tí wọ́n dá padà ní ibùdó, kò tíì di nọ́nọ̀ (mílíìkì kíkan tí àwọn Fúlàní ń tà), kò sì ṣeé tà fún ilé-iṣẹ́ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ṣakí àti Kíṣì, kí ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ yín?