Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí aṣọ ibùsùn òwú Íjíbítì

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Mo béèrè bóyá aṣọ ibùsùn àti táwẹ́lì tí mo rà ní ọjà Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), jẹ́ ojúlówó òwú Íjíbítì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára wọn; mo wá jábọ̀, kí a lè pa ọ̀rọ̀ náà dé.

Mo fa okùn kan yọ létí aṣọ ibùsùn, mo sì fi iná kàn án: ó súnkì, ó yọ́, ó di kókó dúdú líle, èyí tó fi hàn pé okùn àtọwọ́dá bíi pọliẹ́sítà wà nínú rẹ̀, nítorí pé òwú gidi a máa jó di eérú rírọ̀, òórùn rẹ̀ a sì dà bíi ti bébà tó jóná. Okùn táwẹ́lì di eérú. Síbẹ̀, ìyẹn kò sọ ibi tí òwú náà ti wá, torí pé òwú ilẹ̀ Benin tiwa náà ń jó bẹ́ẹ̀. Fọ́nrán gígùn irú òwú Giza, tí wọ́n ń gbìn ní Íjíbítì, ló ya ti Íjíbítì sọ́tọ̀, iná kò sì lè fi gígùn hàn. Ó dùn mí pé wọ́n ń fi orúkọ rere bẹ́ẹ̀ tajà lásán.

Ẹni tó tà á ti gba aṣọ ibùsùn padà. Táwẹ́lì ń fa omi dáadáa, torí náà mo pa á mọ́.