Ẹja àrọ̀ mi ń kú nínú adágún tí mo mọ sínú ilé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àrẹ̀mú (Òkè-Àdó): Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti tojú sú mi. Mo mọ adágún sínú ilé kí n lè sin ẹja àrọ̀ di ńlá, irú èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń wọn kílò mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí àwọn tó ń ṣe ọmọ ẹja tà máa ń wá rà. Bíríkìlà tó bá mi ṣe é gba owó ju àdéhùn wa lọ. Ìyàwó mi ní òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí òun lè gbàlejò. Ayálégbé mi kan kò sì yéé ráhùn pé omi ń kán sórí ibùsùn òun, bí ẹni pé òun nìkan ló ń gbé inú ilé. Gbogbo ìyẹn ni mo fara dà, ṣùgbọ́n láti àná ni àwọn ẹja ti ń yọ orí sókè, tí wọ́n ń lanu, tí ara wọn sì ń pọ́n lábẹ́ ikùn. Àwọn kan ti kú. Ọ̀dọ̀ ẹni gidi ni mo ti rà wọ́n. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ẹlẹ́ja (Apẹ̀tẹ̀): Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Báwo ni adágún náà ṣe tóbi tó? Omi ẹ̀rọ ni tàbí omi kànga? Ìgbà wo lo pààrọ̀ omi kẹ́yìn? O kò sọ ìkankan. N kò dá ọ lẹ́bi pé inú ilé lo ti ń sìn ín, nítorí omíyalé ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tó gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ, kò ṣẹ́ ẹyọ ẹja kan kù fún mi. Títí di òní, bí òjò bá ṣú, àyà mi a máa já.

Àdìgún (Mọ́níyà): Afẹ́fẹ́ ló wọ́n wọn. Ra ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi.

Baba Ẹlẹ́yẹlé: Àdìgún, má ṣi ọmọ náà lọ́nà. Àrọ̀ lè gba afẹ́fẹ́ lójú omi, ó yàtọ̀ sí ẹja mìíràn. Amóníà tó ń ti ara ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù jáde ló ń jó wọn lára. Bí adágún sìmẹ́ńtì bá sì jẹ́ tuntun, ohun tó ń yọ́ láti inú sìmẹ́ńtì náà sínú omi a máa sọ amóníà di májèlé gidi. Ìdí nìyí tí a fi máa ń pọn omi sí adágún tuntun fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, tí a ó ki ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ ọ́, tí a ó sì da omi náà nù kí ẹja tó wọ̀ ọ́.

Àdìgún: Bàbá, mo ní ẹ̀rọ yẹn, ẹja mi kì í kú.

Baba Ẹlẹ́yẹlé: Inú rọ́bà ni ẹja tìrẹ wà.

Àrẹ̀mú: Ẹ ṣé, bàbá. Ẹja ti wà nínú rẹ̀, n kò lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pọnmi sí i. Ó gùn ní mítà 3, ó fẹ̀ ní mítà 2, omi rẹ̀ sì jìn tó mítà 1. Mo dìídì yan yàrá yẹn ni, nítorí olè kò lè gun àtẹ̀gùn débẹ̀ kí a má gbọ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Àtẹ̀gùn kẹ̀? Àrẹ̀mú, ṣé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni adágún yìí wà?

Àrẹ̀mú: Òkè ni, mà. Bàbá mi ló kọ́ ilé náà, ó lágbára dáadáa.

Kọ́lé (oníṣẹ́ ilé kíkọ́, Bódìjà): Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹja sílẹ̀ ná. Lítà 6,000 ni omi yẹn, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kílò 6,000 láìka búlọ́ọ̀kù mọ́ ọn. Kílò 1,000 ló ń tẹ ibi tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, bẹ́ẹ̀ kílò 150 sí 200 ni a sábà máa ń ṣe ilẹ̀ òkè ilé gbígbé láti gbé níbẹ̀. Omi tó ń kán sórí ibùsùn yẹn ti wọ inú kọnkéré débi tí irin wà. Ẹ fa omi náà jáde lónìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sun yàrá ìsàlẹ̀ yẹn lálẹ́ òní.

Àrẹ̀mú: Ẹ̀rù bà mí. Mo ti fi họ́ọ̀sì fa omi náà sí gọ́tà, ó ti ń lọ sílẹ̀. Ayálégbé náà ti kó ẹní rẹ̀ wá sí pálọ̀ wa. Àwọn ẹja tó kù ńkọ́?

Ìyá Ẹlẹ́ja: Kó wọn bọ̀ ní Apẹ̀tẹ̀, rọ́bà ńlá méjì ṣófo lẹ́yìnkùlé mi. Má ṣe fún wọn lóúnjẹ kí o tó gbéra. Kẹ́ẹ̀gì tí a gé lẹ́nu ni kí o fi kó wọn, kí omi kàn bò wọ́n lẹ́yìn díẹ̀. Fi àwọ̀n de ẹnu rẹ̀ gírígírí, nítorí àrọ̀ ńlá a máa fò jáde.