Pákó inú ilẹ̀kùn tí kò wọlé: ó ti yanjú

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá sí ìbéèrè mi lórí pákó tó bo inú ilẹ̀kùn ọkọ̀ àtijọ́ mi. Pákó àfarawé (tuntun tí wọ́n ṣe láti jọ ti àtijọ́) tí mo sọ pé kò bá ara ọkọ̀ náà mu ti wọlé báyìí. Ihò kílíìpù (ìdè kéékèèké tó ń di pákó mọ́ ilẹ̀kùn) ló fa wàhálà: mẹ́ta nínú mẹ́wàá fi mìlímítà 4 sí 6 yẹ̀. Ẹ má gbá a wọlé tipátipá o, kílíìpù á fa ẹ̀yìn pákó ya.

Ẹ gbé pákó àtijọ́ lé tuntun lẹ́yìn, kí ẹ fi ihò ọwọ́ wíńdò (ọwọ́ tí a fi ń yí gíláàsì sókè sódò) tò wọ́n. Ẹ má lo etí, torí etí tuntun kò gún rárá. Ẹ sàmì, ẹ lu ihò. Èyí tó bá kan ihò tí wọ́n ṣì lu, ẹ fi epoxy (gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ tó máa ń le gan-an) dí i, ó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó lu ú. (Ẹni tó bá ti sọ ti àtijọ́ nù, ìwọ̀n ló sọ nù yẹn.)

Fóòmù pákó tuntun náà nípọn jù, ọwọ́ wíńdò ń ha awọ tó bo pákó. Ẹ gé fóòmù náà kúrò yíká ihò ọwọ́ wíńdò. Ẹ kun ẹ̀yìn pákó àti etí ihò ní fáníìṣì lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ ta ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) sẹ́yìn rẹ̀, torí omi òjò máa ń gba inú ilẹ̀kùn, pákó á sì wú. Kí gbogbo kílíìpù kọjú sí ihò wọn kẹ́ ẹ tó tẹ ọ̀kankan.