Ẹ gbà mí o: adágún Adó-Àwáyè ni àbí ọdún Ọ̀ṣun? Àwọn ọmọ ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀

Ìyá Tòkunbọ̀, ọjọ́ Ajé, 10:14 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Ìmọ̀ràn kíákíá ni mo ń tọrọ. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ti London bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ yìí, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti wálé gbẹ̀yìn. Mo fẹ́ mú wọn lọ síbi tí omi wà, tí igbó wà, tí wọ́n á ti fojú ara wọn rí bí àwọn èèyàn wa ṣe ń péjọ létí omi ṣọdún. Adágún orí òkè Adó-Àwáyè ló wà lọ́kàn mi, àmọ́ wọ́n ní ọdún Ọ̀ṣun náà ti wọlé dé. Èwo ni kí n mú? Ta ló mọ amọ̀nà tó ṣeé fọkàn tán? Màmá wa náà á bá wa lọ. Ẹ ṣé o.

Àjànàkú Òkè-Ògùn, 10:31 alẹ́

Adó ni o. Ẹ gba Mọ́níyà sí Ìṣẹ́yìn, ọ̀nà yẹn ti dára, kẹ́ ẹ wá yà sí Adó. Kò ju nǹkan bí ogún kìlómítà lọ mọ́ láti Ìṣẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí aago méje àárọ̀ bá yín nídìí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn 369 ni ẹ máa gùn, tẹ́ ẹ bá sì gùn ún tán, ìrìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ máa kan òkúta Ìṣàgé, òkúta ńlá tó dá dúró bíi pé ẹnì kan rọra gbé e kalẹ̀, tí ìjì ò sì ṣí i nípò. Ibẹ̀ làwọn bàbá wa ti ń tọrọ òjò nígbà ọ̀dá. Lẹ́yìn náà lẹ máa tó dé Ìyákẹ́, adágún náà gan-an. Omi yẹn kì í gbẹ, ẹ̀ẹ̀rùn ìbáà le tó báwo.

Tó bá jẹ́ ti ọdún òkè wa lẹ ń sọ, ààfin Aláàdó, ọba ìlú wa, ló ń kéde ọjọ́ rẹ̀. Ààfin náà ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ béèrè amọ̀nà. Ẹ má tẹ̀ lé ẹni tó bá kàn pàdé yín lójú ọ̀nà.

Ọmọ Ìdí Ọ̀ṣun, 10:52 alẹ́

Ìyá Tòkunbọ̀, ẹ ò sọ ọjọ́ orí àwọn ọmọ, ẹ ò sọ iye ọjọ́ tí wọ́n ń lò nílé. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ìpéjọ lẹ fẹ́ kí wọ́n rí, Òṣogbo ni. Kò sí méjì.

Ọjọ́ méjìlá la fi ń ṣọdún. Ìwọ́pópó la fi ń bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀nà mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn la ó tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún, tí Àtáọja, ọba Òṣogbo, á jó yí i ká lálẹ́. Àṣekágbá, lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ni Arugbá máa ń ru igbá láti ààfin dé etí odò. Ẹ bá mi dúró sí ojúbọ lọ́jọ́ náà kẹ́ ẹ gbọ́ ariwo nígbà tí wọ́n bá rí ọmọdébìnrin yẹn tó ń bọ̀ lábẹ́ aṣọ. Mo ti lé ní ogójì ọdún, omi ṣì máa ń bọ́ lójú mi.

Ẹ tún bá wọn sọ ìtàn rẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Láróòyè àti Olútìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ Òṣogbo dó, wá omi dé etí odò, wọ́n gé igi, igi wó sínú odò. Wọ́n bá gbọ́ ohùn kan: "Oṣó igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi tán!" Níbẹ̀ ni orúkọ Òṣogbo ti wá. Ìdí nìyẹn tá ò fi ń gégi, tá ò fi ń ṣọdẹ, tá ò fi ń pẹja nínú igbó yẹn dòní. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà, ẹ̀bá ìlú ló wà, ọ̀bọ ṣì ń fò lórí igi níbẹ̀. UNESCO fi í kún àwọn ibi àjogúnbá ayé lọ́dún 2005, ṣùgbọ́n òfin tó pa á mọ́ ti wà tipẹ́ kí UNESCO tó mọ̀ wá.

Àbẹ̀kẹ́ Ìlú Aró, 11:20 alẹ́

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, oṣù kẹjọ yìí náà ni, àwa mẹ́rin la gun òkè Adó: èmi, àbúrò mi obìnrin, àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Ọkùnrin kan pàdé wa nísàlẹ̀, ó ní amọ̀nà lòun. A sanwó. A gùn ún dé ìdajì, ó ní owó orí àpáta yàtọ̀. A tún san. Nígbà tá a wá ń wo adágún lọ́ọ̀ọ́kán, ó ní a ò tíì san owó omi. Ibi tá a ti ń bá a fa ọ̀rọ̀ lòjò ká wa mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ mọ bí àpáta yẹn ṣe ń rí tó bá ti tutù. Bí ọṣẹ ló ń yọ̀. Ọ̀nà tóóró kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run. Ibẹ̀ lẹsẹ̀ àbúrò mi ti yọ̀. Ìró rẹ̀ ni mo rí dì mú. Bàtà rẹ̀ kan bọ́, a ń gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ, pà, pà, pà, títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́. Ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́jọ ò sunkún. Ó kàn ń bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ibi tí bàtà lọ ni màmi ìbá lọ?" Ẹni tó gba owó wa lẹ́ẹ̀mẹta ti wà lábẹ́ ihò àpáta lọ́hùn-ún, ó ń ya òjò.

Ìyá Tòkunbọ̀, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má kó ọmọ ọlọ́mọ lọ síbẹ̀ lásìkò òjò.

Tẹ̀ẹ́tọ́ Akọ́bọ̀, 11:26 alẹ́

Ha! Ọlọ́run ṣeun o. Ìyá Tòkunbọ̀, ẹ ti gbọ́. Ẹ yọwọ́ Adó.

Baba Ìbejì, 11:33 alẹ́

Èmi náà rí irú ọ̀rọ̀ owó yìí níbòmíràn, níbi ìṣàn omi kan. Owó ẹnubodè, owó kámẹ́rà, owó ibi ìjókòó. Kò sí ìwé ẹ̀rí kankan. Kí ló dé tí wọn ò fi lè lẹ iye owó mọ́ pátákó kan ṣoṣo kí gbogbo ayé rí i?

Àjànàkú Òkè-Ògùn, 11:40 alẹ́

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ewu. Ó dùn mí dé ọkàn. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹni yẹn kì í ṣe Adó. Ẹnikẹ́ni tó bá jáde láti ààfin ò ní gbowó lẹ́ẹ̀mẹta lọ́wọ́ yín, kò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ gun òkè nígbà tójú ọ̀run bá ṣú. Orí òkè yẹn làwọn bàbá wa gbé lákòókò ogun, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tá a wà báyìí. Tọmọtọmọ ni wọ́n gbé ibẹ̀. Òkè náà ò lẹ́ṣẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Ìlú Aró, 11:44 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní òkè lẹ́ṣẹ̀. Mo ní kò sí ohun ìdìmú kankan níbi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Ẹ bá wa sọ fún wọn láàfin.

Dénvà Bọ̀dá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:02 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o. Colorado ni mò ń gbé. Adágún kan wà lọ́dọ̀ wa níbí tí wọ́n ń pè ní Hanging Lake, ní Glenwood Canyon, òun ni wọ́n máa ń dárúkọ pọ̀ mọ́ Ìyákẹ́. Láti ọdún 2019, ẹ ò lè kàn dédé lọ síbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ti gba ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀ kẹ́ ẹ sì sanwó. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan omi náà, ẹ̀fun tó ń dì di òkúta létí rẹ̀ ló gbá omi dúró, ara èèyàn sì ń bà á jẹ́. Nígbà tí mo rí i, Ìyákẹ́ ni mo rántí. Ó dùn mí pé wọ́n ń ṣọ́ tiwọn bí ẹyin, a sì ń jẹ́ kí ẹni tó bá wù ú ju ike omi sínú tiwa. Méjì péré nirú wọn láyé!

Tíṣà Ìsálẹ̀-Ọ̀yọ́, 6:15 àárọ̀

Bọ̀dá, ẹ ṣé fún àlàyé yìí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká yéé sọ pé méjì péré ló wà láyé. Adágún orí òkè pọ̀ káàkiri ayé. Ìyákẹ́ ò nílò irọ́ kó tó níyì. Ohun tó gbé e ga ni pé àwọn èèyàn gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń ṣọdún rẹ̀, wọn ò sì sọ ọ́ di omi ìfọṣọ. Ìyẹn ni kí àwọn ọmọ London gbọ́.

Dénvà Bọ̀dá, 6:20 àárọ̀

Ibi gbogbo ni wọ́n ti kọ ọ́ pé méjì ni, Tíṣà.

Tíṣà Ìsálẹ̀-Ọ̀yọ́, 6:24 àárọ̀

Àwọn tó kọ ọ́, wọ́n ń da ara wọn kọ ni. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, ìbéèrè ìyá là ń dáhùn.

Ìbùkún, 6:50 àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ta ló máa tètè lọ sí Adó tàbí Òṣogbo kó bá mi bu omi wá? Ọdún keje ìgbéyàwó mi nìyí, ọwọ́ mi ṣì ṣófo. Mo lè wá gbà á ní Ìbàdàn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, 7:12 àárọ̀

Ìbùkún ọmọ mi, Ọlọ́run á fún ọ. Àmọ́ má mu omi odò Ọ̀ṣun, mo bẹ̀ ọ́. Àwọn awakùsà tó ń wa góòlù lókè odò ti sọ omi náà di pupa. Lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fáwọn olọ́dún pé kí wọ́n má mu ún. Tó o bá fẹ́ tọrọ ọmọ létí omi, lọ, kúnlẹ̀, tọrọ. Ẹnu rẹ ni kó o fi tọrọ, má fi ikùn rẹ gba omi yẹn. Kí ìwọ àti ọkọ rẹ sì jọ lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ̀yin méjèèjì. Kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìdí Ọ̀ṣun, 7:30 àárọ̀

Òótọ́ ni màmá sọ, ó sì ń pa wá lẹ́kún. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń rí ẹja nísàlẹ̀ omi. Àtáọja gan-an, "a-tẹ́wọ́-gba-ẹja" lorúkọ yẹn. Ní báyìí, tẹ́ ẹ bá ki ọwọ́ bọ omi dé ọrùn ọwọ́, ẹ ò ní rí ìka yín. Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó ará Austria tí wọ́n ń pè ní Susanne Wenger, fi ìgbésí ayé rẹ̀ gba igbó yẹn lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ pín in fi kọ́lé, títí tó fi kú lọ́dún 2009. A gba igi là, omi ló ń bọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wá sí ọdún, ẹ wá, ẹ yà á ní fọ́tò, kẹ́ ẹ fi han àwọn tó lè gbọ́.

Ìyá Ìjọ, 8:05 àárọ̀

Ìyá Tòkunbọ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó kó ọmọ kékeré lọ síbi ẹbọ. Ọgbà ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Igi wà níbẹ̀, ẹranko wà níbẹ̀, ọkàn yín á sì balẹ̀.

Alájọbí, 8:11 àárọ̀

Màmá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àwọn ọmọ yẹn ti rí ọgbà ẹranko ní London. Ilé ni wọ́n wá wò.

Ìyá Ìjọ, 8:13 àárọ̀

Mo ti sọ tèmi, ọmọ mi.

Aláṣọ Òkè Ìṣẹ́yìn, 9:40 àárọ̀

Tẹ́ ẹ bá gba Ìṣẹ́yìn kọjá, ẹ yà wo àwọn tó ń hun òfì. Kí àwọn ọmọ jókòó sídìí òfì kí wọ́n ju ọ̀kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, wọn ò ní gbàgbé láé. Ẹ má ra aṣọ lọ́jà Ìbàdàn kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀ o.

Tẹ̀ẹ́tọ́ Akọ́bọ̀, 12:18 ọ̀sán

Ìyá Tòkunbọ̀ dà? Ẹ dáhùn o, gbogbo wa ti sọ̀rọ̀ tán.

Ìyá Tòkunbọ̀, 9:55 alẹ́

Ẹ má bínú, ọjà ni mo wà látàárọ̀. Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ọmọ mẹ́rin ni wọ́n, ọdún mẹ́fà, mẹ́sàn-án, mẹ́tàlá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n ń padà. Màmá wa ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, orúnkún ń dùn wọ́n.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, 10:01 alẹ́

Ẹ fi màmá sílẹ̀ nílé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn.

Àbẹ̀kẹ́ Ìlú Aró, 10:03 alẹ́

Ẹ fi ọlọ́dún mẹ́fà náà sílẹ̀.

Ọmọ Ìdí Ọ̀ṣun, 10:07 alẹ́

Òṣogbo náà ló bá màmá mu jù. Ilẹ̀ tẹ́jú, ẹ lè jókòó. Mo lè bá yín wá àyè síwájú.

Ìyá Tòkunbọ̀, Ọjọ́rú, 6:10 àárọ̀

A ti fẹnu kò. Adó la ń lọ, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màmá náà ń bá wa lọ. Mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ sí wọn létí lánàá, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní ìyá tó bí àwọn, Adó ni wọ́n ti gbé e níyàwó. N kò mọ̀ rí. Lẹ́yìn gbogbo ọdún yìí, àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn ò ní gun òkè, kí a gbé àpótí fún àwọn sídìí àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni àwọn máa jókòó sí, àwọn á sì sọ fún àwọn ọmọ ohun tí ìyá àwọn máa ń sọ kí wọ́n tó gùn ún. Tójú ọ̀run bá ṣú, àwa náà á jókòó tì wọ́n nísàlẹ̀. Ọmọ àbúrò màmá kan tó ń gbé Ìṣẹ́yìn ló máa mú wa lọ, nítorí náà mi ò ní lo àwọn amọ̀nà tẹ́ ẹ dárúkọ fún mi ní kọ̀rọ̀, ẹ má bínú. Ọ̀nà Èrúwà la máa gbà, màmá fẹ́ kí ẹnì kan ní Lánlátẹ̀.

Àjànàkú Òkè-Ògùn, 6:14 àárọ̀

Ìyá, orúkọ ilé wo ni ìyá wọn ti wá ní Adó? Ẹ bi wọ́n.

Ìyá Tòkunbọ̀, 6:15 àárọ̀

Wọ́n ṣì ń sùn. Tí wọ́n bá jí.

Baba Ìbejì, 6:31 àárọ̀

Ẹ má gba Èrúwà o, ẹ gba Mọ́níyà!