Àyè ni kí a kọ, kì í ṣe ìjókòó: lórí ìkéde ìpàdé àwọn òbí ní Erékùṣù Èkó

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín o.

Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Èbúté Mẹ́ta gbé kalẹ̀, mo sì ka èsì tí àwọn mìíràn ti fún un. Ìkéde kan ni wọ́n ń kọ fún ìpàdé àwọn òbí ní Erékùṣù Èkó, níbi tí wọn yóò ti jíròrò bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà nítòsí yóò ṣe máa gba àwọn ọmọ tó jẹ́ adití tàbí afọ́jú, àwọn tí ìrìn ṣòro fún, àti àwọn tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé. Àkọlé tí ẹ̀gbọ́n wa dábàá ni "Ètò ìjókòó fún àwọn akàndá ọmọ". Màmá wa tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Yábàá fara mọ́ ọn, wọ́n ní ó ṣe ṣókí, kò sì bu ẹnikẹ́ni kù. Òótọ́ ni pé kò bu ẹnikẹ́ni kù. Síbẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀ yín kí a má tíì fọwọ́ sí i, nítorí pé ètò, ìjókòó àti akàndá, kò sí èyí tó gbé ohun tí ìpàdé náà dá lé lórí dé ọ̀dọ̀ òbí tí yóò ka ìkéde náà lára ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí akàndá, torí òun ni ọ̀pọ̀ nínú yín fẹ́ràn jù, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣe iṣẹ́ ńlá fún wa. Ó ti wà lẹ́nu àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò níbi tí abirùn wà tẹ́lẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé àrùn ló wà nínú abirùn, bẹ́ẹ̀ adití kò ṣàìsàn, ibà kò sì mú afọ́jú. Nígbà tí Gómìnà Babatunde Fashola fọwọ́ sí òfin ìpínlẹ̀ Èkó lórí ọ̀rọ̀ wọn ní ọdún 2011, orúkọ tí òfin náà fi pè wọ́n sún mọ́ akàndá ẹ̀dá pẹ́kípẹ́kí, òfin yìí náà ló sì dá LASODA sílẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ wọn. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti wọ ọkọ̀, láti ríṣẹ́ ṣe, àti láti má ṣe di ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín, akàndá tó gbangba sùn lọ́yẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ la ń sọ, níbẹ̀ sì ni akàndá ti ń fẹ̀ jù lápá kan, tó tún ń há jù lápá kejì. Ọmọbìnrin kan lè máa fi ọ̀pá rìn, kó sì mọ̀wé ju gbogbo ojúgbà rẹ̀ lọ. Ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kò ju kí kíláàsì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, kí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì fẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà tí ara rẹ̀ pé, tí ẹnikẹ́ni kò ní pè ní akàndá láéláé, ṣùgbọ́n tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ lójú nígbàkúùgbà tó bá ṣí ìwé, tí olùkọ́ sì ń nà án pé ó ya ọ̀lẹ. Ẹnì kejì yìí gan-an ni ìrànwọ́ tó ń fẹ́ pọ̀ jù. Bí ìkéde wa bá pe akàndá, ìyá ọmọkùnrin yìí kò ní yọjú sí ìpàdé, torí kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí, a ó sì ka iye ọmọ tán láìka tirẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ yìí náà ni wọ́n bá yí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1978, ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn lórí ẹ̀kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, tí Mary Warnock ṣe alága fún, gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n jáwọ́ nínú pípín àwọn ọmọ sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí àléébù ara wọn, kí wọ́n máa wo ohun tí ẹ̀kọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan ń bèèrè. Ìgbìmọ̀ náà ṣírò rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan nínú márùn-ún nílò irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ ní ìgbà kan tàbí òmíràn kó tó jáde ilé-ẹ̀kọ́. Òfin ẹ̀kọ́ wọn ti ọdún 1981 sì gba orúkọ tuntun náà wọlé, ìyẹn "special educational needs". Àwọn ọmọ tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n bí orúkọ ṣe yí padà ni iye ọmọ tí ìjọba gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró lé ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀.

Àbúrò wa láti Mushin dábàá "ọmọ tó ní àìní pàtàkì". Mo mọ̀ pé inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn ló ti mú un wá, àmọ́ lẹ́nu Yorùbá, ẹni tí kò rí jẹ ni aláìní. Bí a bá lẹ ìyẹn mọ́ ògiri ní Òkè Àrin, ìrẹsì àti owó ni àwọn èèyàn yóò máa retí. Ìpèníjà, tí ẹlòmíràn dárúkọ, kò burú, ó sì ti wọ́pọ̀ nínú ìròyìn, ṣùgbọ́n ara ọmọ ló ṣì ń tọ́ka sí. Èyí tí èmi fọwọ́ sí ni "ọmọ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń fẹ́ àfikún ìrànwọ́". Ó gùn, mo mọ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan nínú ìkéde, "àfikún ìrànwọ́" nìkan tó, kò sì sí orúkọ kankan nínú rẹ̀ tí àwọn ọmọ yòókù lè máa fi pe ọmọ náà lórí pápá.

Ó wá kan ìjókòó, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi dé. Ìjókòó ni àga àti tábìlì. Kò pẹ́ rárá kí olórí ilé-ẹ̀kọ́ tó ka ìjókòó tán, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ṣì ku ti ọmọ mélòó kan. Ilé-ẹ̀kọ́ alájà kan wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí mo mọ̀ dáadáa, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ kò sí níbẹ̀, nítorí náà òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí. Àwọn kíláàsì kékeré wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti dé kíláàsì kẹrin, òkè ni yóò máa lọ. Àtẹ̀gùn rẹ̀ dúró ṣánṣán, etí àwọn kan ti fọ́, irin tí ọmọdé lè dì mú kò sì ju apá kan lọ. Mo rí ìyá kan níbẹ̀, tó ń bá wọn ta aṣọ ní Bàlógùn, tó pọn ọmọ ọdún mẹ́wàá gòkè láàárọ̀, àpò ìwé ọmọ náà lọ́rùn rẹ̀, ọ̀pá méjèèjì tí ọmọ fi ń rìn lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì lára ògiri. Bí wọ́n bá jáde, yóò fi ọjà sílẹ̀ wá gbé e sọ̀kalẹ̀. Láàárín méjèèjì, ọmọ náà kì í mu omi, torí pé ìsàlẹ̀ ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Ó ní ìjókòó, orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà, nínú ìwé ìjọba wọ́n ti gbà á wọlé. Àyè ni kò ní.

Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ tó gba gbogbo èyí mọ́ra. "Kò sáyè" ni èsì tí àwọn òbí ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olórí ilé-ẹ̀kọ́. "Wọ́n gbà mí láyè" ni à ń sọ bí wọn kò bá dí wa lọ́wọ́. "Ẹ fún un láyè" ni à ń sọ bí a bá fẹ́ kí ara tu ẹnì kan. Nítorí náà "àyè ìkẹ́kọ̀ọ́" lè gbé àga, olùkọ́ tó mọṣẹ́, ẹnu ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ẹni tí kò lè rìn lè gbà kọjá, ìwé Braille tí afọ́jú ń fọwọ́ kà, àti àkókò tó gùn sí i nígbà ìdánwò, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Òfin àpapọ̀ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019, èyí tó ka yíya àwọn aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀, dúró lé irú òye yìí. Ó ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn títí dé ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà, ó sì pa á láṣẹ pé ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tí a kọ́ níṣẹ́ láti mójú tó ẹ̀kọ́ wọn, pẹ̀lú àwọn ohun èlò tó yẹ. Ọdún márùn-ún ló fi sílẹ̀ kí a fi tún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ṣe kí wọ́n lè ṣeé wọ̀ fún wọn, ọdún márùn-ún náà sì ti pé láti ọdún 2024. Bí ìkéde wa bá kọ ìjókòó, àga ni òbí tó bá wá yóò bèèrè. Bí ó bá kọ àyè, yóò lẹ́nu láti bèèrè òṣìṣẹ́ yẹn àti àtẹ̀gùn yẹn.

"Ètò" náà kò gbé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ètò wà níbi ìgbéyàwó, ètò wà lórí rédíò. Ọ̀rọ̀ tí à ń wá ti wà lára ògiri àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tipẹ́: ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Kò sí abiyamọ ní Erékùṣù tí kò mọ̀ pé ìyẹn ni kí a ka iye, kí a mọ ìgbà, kí a sì wo iwájú. "Ìfètò sí àyè ìkẹ́kọ̀ọ́" yóò yé wọn láìsí àlàyé púpọ̀. Bí iṣẹ́ náà sì ṣe rí gan-an nìyẹn: kí a mọ iye ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin tí yóò wọ kíláàsì kìíní láìpẹ́, títí kan àwọn tí òbí fi pamọ́ sílé nítorí ìtìjú, tí kíkà wọn ṣòro jù, kí a mọ ìrànwọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́, kí a mọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ní òṣìṣẹ́ àti èyí tí kò ní, kí a sì rántí pé ọmọ tó wọlé lónìí yóò lo ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta ní ìpele kékeré gíráámà, gẹ́gẹ́ bí òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 2004 ṣe là á kalẹ̀. Olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ ní ọdún keje, ó yẹ kó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ báyìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ akànṣe ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí níbòmíràn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ̀gbọ́n wa kò fi sínú àkọlé, tó sì yẹ kó wọlé, ìyẹn àdúgbò. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ akànṣe tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ ní Èkó kó jọ sí Sùúrùlérè àti agbègbè Yábàá: Wesley fún àwọn adití, Pacelli tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962 fún àwọn afọ́jú, Atunda-Olu, àti Modupe Cole ní Akọ́kà. Iṣẹ́ ribiribi ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìdúmọ̀tà gbọ́dọ̀ gba orí afárá kọjá kó tó dé ọ̀kankan nínú wọn, ká má tíì sọ ti Èpẹ́ àti Bàdágìrì, dánfó kì í sì í dúró de ẹni tí kò lè tètè fò wọlé. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti ṣí ẹ̀ka fún wọn nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbogbogbòò kan, èyí tí àwọn kan nínú wa ń pè ní ẹ̀kọ́ àkópọ̀. Ẹ̀kọ́ àjọkọ́ ni mo fẹ́ kí a máa pè é, bíi ti àjọṣe àti àjọjẹ, torí pé èèyàn lè kó ọmọ pọ̀ sínú ọgbà kan náà kó sì tún ti àwọn kan mọ́ yàrá ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra pẹ̀lú àdúgbò náà o. Arákùnrin wa tó jẹ́ adití, tó kọ̀wé láti Sùúrùlérè, sọ ohun kan tí n kò rí ẹni tó fèsì sí: ó ní ilé-ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ ilé òun jù ni òun ti dá wà jù. Èdè ọwọ́ tí àwọn adití ń sọ ní Nàìjíríà fara jọ ti Amẹ́ríkà, ipa Andrew Foster sì hàn nínú rẹ̀, adití ọmọ Amẹ́ríkà tó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960. Èdè kò ṣeé dá sọ. Adití kan ṣoṣo láàárín kíláàsì tó kún fún àwọn tó ń fẹnu sọ̀rọ̀ kò tíì ní àyè, bí olùkọ́ tilẹ̀ mọ èdè ọwọ́ díẹ̀, bó sì ti wù kí ilé-ẹ̀kọ́ náà sún mọ́ ilé ìyá rẹ̀ tó. Ohun tó tọ́ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí òun àti àwọn adití ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lè jọ wà, pẹ̀lú ọkọ̀ tí yóò máa gbé wọn. Arákùnrin wa tún ní adití ni òun, kí ẹnikẹ́ni má pe òun ní ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa. Ẹ jẹ́ ká gbà fún un.

Ohun tí mo dábàá pé kí a kọ nìyí: "Ìpàdé lórí ìfètò sí àyè ìkẹ́kọ̀ọ́ ní àdúgbò wa fún àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ wọn ń fẹ́ àfikún ìrànwọ́. Bí ọmọ yín bá jẹ́ adití tàbí afọ́jú, bí ìrìn bá ṣòro fún un, bí ìwé kì í bá tètè yé e, tàbí bí kò bá tíì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rárá nítorí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá, kí ẹ sì mú un dání."

Ó ku orúkọ òṣìṣẹ́ tí òfin ọdún 2019 ní kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní. Olùkọ́ akànṣe ló wà lẹ́nu wa, àmọ́ ó jọ ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ kan nìkan, bẹ́ẹ̀ ó tún yẹ kó máa ran àwọn olùkọ́ yòókù lọ́wọ́. Alátìlẹ́yìn ẹ̀kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ó sì jọ ọ̀rọ̀ òṣèlú létí mi. Màmá wa ti Yábàá, ẹ̀yin tí ẹ ti bá irú wọn ṣiṣẹ́, kí ni àwọn ọmọ máa ń pè wọ́n nínú kíláàsì? Ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, torí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń gbé ìkéde náà lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú.