Ẹ gbà mí o: àmì lésà wà nídìí iná ìràwọ̀ tí mo rà fọ́mọ, ṣé kí n tàn án?

Ìyá Bọ̀dé, Kàbà
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Mo ra iná tó ń da ìràwọ̀ sí àjà fún ọjọ́ìbí ọmọ mi, ọ̀la Sátidé ni. Nígbà tí mo yí i padà, mo rí ìwé yẹ́lò onígun mẹ́ta nídìí rẹ̀, wọ́n kọ lésà sí i. Ṣé kí n lò ó àbí kí n lọ pààrọ̀ rẹ̀? Èwo lẹ lè júwe fún mi tí kò ní ba ojú ọmọ jẹ́?

Rédíò Mọ̀pà
Class wo, ìyẹn ìpele ewu lésà, ni wọ́n kọ sí i, Ìyá Bọ̀dé? Onígun mẹ́ta yẹn nìkan kò sọ nǹkan kan fún wa ju pé lésà wà nínú rẹ̀ lọ. Ẹ wo abẹ́ àmì náà: ẹ máa rí Class 1, 2, 3R, 3B tàbí 4. Ẹ tún wo nọ́ńbà tó parí sí nm, tó ń sọ irú àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà, àti èyí tó parí sí mW, tó ń sọ agbára rẹ̀. Kí ẹ má ka 5V 1A mọ́ ọn o. Iná tó ń wọ inú ẹ̀rọ nìyẹn, kì í ṣe agbára lésà.

Ọmọ Ìsánlú
Màmá, ẹ kọ́kọ́ ra sítébíláísà. Bí iná ṣe ń lọ sókè sódò ládùúgbò wa yìí, kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí á fi jóná.

Olùkọ́ Físíìsì, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀
Ohun tí wọ́n ń bèèrè kọ́ nìyẹn, Ọmọ Ìsánlú.

Inú IEC 60825-1, ìlànà àgbáyé lórí ààbò lésà, ni àwọn nọ́ńbà Class yẹn ti wá. Class 1 kò léwu bí a bá lò ó bí wọ́n ṣe ṣe é. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ DVD àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onílésà wà. Class 2 jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, tí kò ju 1mW lọ. Ojú á ti ṣẹ́ láàárín ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kó tó ṣe é léṣe. Àmọ́ ọmọdé kì í ṣẹ́jú sí ohun tó dùn ún wò, ńṣe ló máa ń tẹjú mọ́ ọn, ìyẹn ni wọ́n fi ń kọ "DO NOT STARE INTO BEAM" sí i: ẹ má tẹjú mọ́ ọn. 3R tí ojú ń rí kò kọjá 5mW. 3B lọ títí dé 500mW, kí ojú tó ṣẹ́, ó ti lè dá egbò sí ẹ̀yìn inú ẹyinjú. Class 4 ju ìyẹn lọ: èyí tó ta padà lára ògiri lásán lè ba ojú jẹ́, ó sì lè jó aṣọ. Bí ẹ bá rí M lẹ́yìn 1 tàbí 2, wọ́n ní kí ẹ má fi awò awọ̀nàjíjìn wo inú rẹ̀. Àwọn ọjà Amẹ́ríkà kan ṣì ń lo IIIa àti IIIb dípò 3R àti 3B.

Ẹ má ní 5mW kéré. Gílóòbù 10W ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká gbogbo yàrá. Lésà ń lọ tààrà ní ojú kan, awò inú ojú á wá kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ibi tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Alájà Ìyàrà
Ẹ̀yin ń ka ìwé ara ọjà bíi pé òótọ́ ni! Mo ra lésà aláwọ̀ ewé olówó pọ́ọ́kú ní Lọ́kọ́jà, wọ́n kọ "<5mW" sí i gbàgàdà. Ó kan kámẹ́rà fóònù mi lẹ́ẹ̀kan péré, ìlà funfun ti là á já láti òkè dé ilẹ̀ di òní. Ọlọ́jà ní òun kì í gba ọjà padà. Ìyá Bọ̀dé, ẹ sọ nǹkan yẹn nù.

Ọmọ Ìsánlú
Ẹ rí i! Ayédèrú ni gbogbo rẹ̀.

Bọ́lájí Ẹ̀gbẹ̀
Èmi ò tiẹ̀ ní jẹ́ kí ọmọ mi sún mọ́ ẹ̀rọ DVD mọ́.

Rédíò Mọ̀pà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa nǹkan méjì pọ̀. Class 1 ni wọ́n kọ sí ẹ̀yìn DVD torí pé ilé tí lésà wà dé pátápátá. Lésà inú rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni wọ́n fi kọ "when open" sínú rẹ̀. Ibi tí ewu wà ni pé kí èèyàn ṣí ìdérí, kó tan ẹ̀rọ, kó wá bẹjú wo lẹ́ńsì bóyá ó ń tàn. Ti CD burú jù, nítorí 780nm ni. Pípọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ lojú ń rí nínú rẹ̀, ojú kò sì ní mọ̀ pé ó yẹ kí òun ṣẹ́.

Olùkọ́ Físíìsì, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀
Ọ̀rọ̀ Alájà Ìyàrà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ o. Ní 2013, NIST, àjọ tó ń rí sí ìlànà ìwọ̀n ní Amẹ́ríkà, yẹ lésà ìnawọ́ 122 wò: nǹkan bí 90% àwọn aláwọ̀ ewé àti 44% àwọn pupa kò bá òfin mu. Lésà ewé olówó pọ́ọ́kú ń fi 808nm tí ojú kò rí ṣe 1064nm, kó tó sọ ọ́ di 532nm aláwọ̀ ewé. Bí ilé iṣẹ́ bá yọ gíláàsì asẹ́ iwájú rẹ̀ kúrò kí owó lè dín, èyí tí ojú kò rí á máa bá ewé jáde. Bí ìwé bá kọ "Class III" láìsí lẹ́tà, tàbí kò kọ nm, ẹ má gbà á gbọ́.

Ìyá Tọ́lá onírun
Iná tí wọ́n fi ń gbẹ èékánná ń kọ́?

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀
UV-A, irú ìtànsán kan tí ojú kò rí, ni tìyẹn, kì í ṣe lésà. Ẹ fi aṣọ bo ọwọ́, kí ẹ má wò ó. Èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ sá fún ni gílóòbù UV-C 254nm tí wọ́n ń tà pé ó ń pa kòkòrò àrùn. Ojú kò ní dun ẹni tó wò ó lójú ẹsẹ̀. Ó di wákàtí mélòó kan kí ó tó máa ta á bí ẹni tí iyanrìn wọ̀ lójú.

Ti lésà yàtọ̀: kì í sábà dunni. Bí ọmọ bá ní òun ń rí àbàwọ́n dúdú láàárín ohun tí òun ń wò, tí kò sì lọ ní ọjọ́ kejì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ẹ má kán ohunkóhun sí i lójú.

Ìyá Bọ̀dé, Kàbà
Ẹ ṣeun o. Mo ti wò ó: CLASS 3R, 532nm, <5mW. Bọ́tìnì méjì ló ní, ọ̀kan fún àwọ̀ tó dà bíi kùrukùru, ọ̀kan fún ìràwọ̀ ewé.

Rédíò Mọ̀pà
Ẹ kú orí ire! LED, iná kékeré lásán, ni kùrukùru, ìràwọ̀ ewé ni lésà. FDA, àjọ Amẹ́ríkà tó ń bójú tó oúnjẹ, oògùn àti ọjà onílésà, dámọ̀ràn pé Class 1 ni kí lésà ohun ìṣeré ọmọdé jẹ́, 3R kì í ṣe tọmọdé. Ẹ lo bọ́tìnì kùrukùru nìkan.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó ti lè kọsẹ̀: inú ihò lésà ni gíláàsì onílà wẹ́wẹ́ wà, òun ló ń pín ìtànsán kan sí ọgọ́rọ̀ọ̀rùn àmì. Àmì àárín ló máa ń tàn jù. Bí gíláàsì yẹn bá já bọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣubú, gbogbo lésà á jáde ní ojú kan.

Olùkọ́ Físíìsì, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀
Àti pé kí ẹnikẹ́ni má fi téépù dúdú dí ihò náà. Ó ń gba ooru, ó sì ń ṣí nígbà tó bá yá. Gígé wáyà lésà ló dáa.

Ìyá Bọ̀dé, Kàbà
Ẹ má bínú, kò sẹ́ni tó máa gé wáyà lálẹ́ yìí, ọmọ ti rí ìràwọ̀ ewé náà lára páálí, òun ló ń bèèrè. Mo máa gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kó kọjú sí àjà, mo sì máa tan méjèèjì.

Rédíò Mọ̀pà
Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ so ó mọ́lẹ̀ kó má bàa yí, kó ga ju orí àgbàlagbà tó dúró lọ. Ẹ yọ dígí àti ohun dídán kúrò lápá ibẹ̀. Kí ẹ tó pe àwọn ọmọ wọlé, ẹ tàn án, kí ẹ wo àjà: bó bá jẹ́ àmì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tàbí ti àárín tàn ju ìyókù lọ gan-an, ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ má tún tàn án. Kí rìmóòtù wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe lọ́wọ́ ọmọ.

Alájà Ìyàrà
Mo ṣì ní kí ẹ sọ ọ́ nù.