Páìpù tó dára lójú, àmọ́ tí inú rẹ̀ ti ń jẹ

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹni tó béèrè bóyá owó tí wọ́n ń ná sórí ẹ̀rọ tó ń yẹ páìpù wò tọ́ sí i, ẹ gbọ́ tèmi.

Ìdí bọ́ílà, ìkòkò irin ńlá tí wọ́n fi ń se omi, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní iléeṣẹ́ epo pupa kan lójú ọ̀nà Oǹdó. Òòlù ni àwọn ọ̀gá wa fi ń yẹ páìpù wò tẹ́lẹ̀: wọn á gbá a, wọn á tẹ́tí. Bó bá dún gbọnrangandan, ó le nìyẹn.

Nígbà tí ọ̀gbẹ́ni tó ń fi ìró wọn irin dé, ó dúró kí bọ́ílà tutù, ó fi gíríǹdà fá ojú páìpù títí ó fi ń dán, ó fi jẹ́ẹ̀lì pa á, torí afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó bá wà láàárín kì í jẹ́ kí ìró wọlé. Ó wá gbé ẹnu ẹ̀rọ lé e. Nínú irin, ìró ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 5.9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀ ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí irin ṣe nípọn tó.

Páìpù tí òòlù ti yìn, mílímítà 5 ni nígbà tó wà ní tuntun, 4.2 ló bá níbi tó tẹ̀ sí. Afẹ́fẹ́ inú omi ló ń jẹ ẹ́ láti inú, ẹ̀yìn rẹ̀ kò lápá kankan. Ó fi péńtì sàmì síbẹ̀. Àmì yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́, torí nígbà tó padà wá lọ́dún kejì, ojú àmì náà gan-an ló tún wọ̀n: 3.6. Páìpù wa kò sì gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju 3 lọ. Ọdún kan ti jẹ 0.6, 0.6 ló sì kù. A pààrọ̀ rẹ̀ kó tó di pé ó bẹ́.

—

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Ti páìpù gáàsì tún yàtọ̀. Èyí tó ti Escravos, ní ìpínlẹ̀ Delta, wá sí Èkó, tó gba ìpínlẹ̀ Oǹdó wa kọjá, íńṣì 36 ni, abẹ́ ilẹ̀ ló sì wà. Ta ló fẹ́ fi gíríǹdà fá ìyẹn? Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní pig ni wọ́n ń jù sínú irú páìpù bẹ́ẹ̀, gáàsì fúnra rẹ̀ ló ń tì í lọ. Òòfà ńlá wà lára rẹ̀: ibi tí irin bá ti jẹ, agbára òòfà á jò síta, ẹ̀rọ á sì kọ ọ́ sílẹ̀, àti bó ṣe jìn sí ibi tó ti gbéra.

Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ ta ni ìwé tí wọ́n kọ 4.2 yẹn sí wà? Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọ̀gá kan fiṣẹ́ sílẹ̀, ìwé bá a lọ, a sì ní láti tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀.

—

Ó wà lọ́fíìsì wa, àbúrò. Mo tún ya ẹ̀dà rẹ̀ sórí fóònù mi.